Nígbà Tí Àárò Ilé Bá Ń Sọ Ọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wọ Yunifásítì

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo sùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, mi ò rí oorun sùn títí di ààjìn òru. Ibùsùn ò le, yàrá ò gbóná, ẹnikẹ́ni ò sì pariwo. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ ohun tó ń dà mí láàmú: mi ò gbọ́ kí bàbá mi ti ilẹ̀kùn. Nílé, lálaalẹ́ ni wọ́n máa ń yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á wá fọwọ́ ti ilẹ̀kùn wò bóyá ó ti dáa. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi gbọ́ ìró yẹn láìmọ̀ pé mò ń gbọ́ ọ. Mo dìde, mo yí kọ́kọ́rọ́ yàrá wa lẹ́ẹ̀mejì, mo fọwọ́ ti ilẹ̀kùn wò. Alábàágbé mi gbórí sókè láti orí ibùsùn tirẹ̀, ó ní, "Mo ti tì í nígbà tí a wọlé." Mo ní mo mọ̀. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí oorun gbé mi lọ.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ni pé gbogbo ayé ló máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun pé kó mọ́kàn le. Ta ló ń pàṣẹ fún ọkàn tí ọkàn ń gbọ́? Nǹkan kéékèèké tí èèyàn ń ṣe ní àṣetúnṣe, níbì kan náà, lákòókò kan náà, ló ń sọ ibi àjèjì di ilé. Torí náà má retí kí ara kọ́kọ́ tù ọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ayé rẹ níbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ ná, ara á máa tù ọ́ bọ̀ lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ 1: Mọ ohun tó ń ṣe ọ́

Àárò kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. O lè máa fọ abọ́ lọ́wọ́, kí omijé kàn dà. Inú lè máa run ọ́ láìjẹ́ pé o jẹ nǹkan burúkú, oúnjẹ lè máà lọ lẹ́nu rẹ, o lè ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí o má mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ló máa ń le jù: ní ìrọ̀lẹ́, ní òpin ọ̀sẹ̀, àti láàárín ìgbà tí o pa iná sí ìgbà tí oorun gbé ọ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1688, ọmọ ọdún 19 kan, Johannes Hofer, tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní yunifásítì ìlú Basel ní Switzerland, kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí àárò ilé. Ó so ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pọ̀, ọ̀kan fún ìpadàbọ̀ sílé, èkejì fún ìrora, ó pè é ní nostalgia. Lára àwọn tó kọ̀wé nípa wọn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti Bern wá kàwé ní Basel. Ó dùbúlẹ̀ débi pé wọ́n rò pé ikú ló kàn. Àfi ìgbà tí wọ́n gbé e sọ́nà ilé: kò tíì débẹ̀ tí ara rẹ̀ ti ń yá. Láti Bern sí Basel kò sì ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ o. Nítorí náà, bí ilé rẹ kò bá ju ìrìn wákàtí méjì lọ nínú ọkọ̀, tí àárò sì ń sọ ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Hofer kà á sí àìsàn. Àwọn dókítà ò kà á sí bẹ́ẹ̀ mọ́ lónìí. Ohun tó ń bá ẹni tí ó ní ilé tó fẹ́ràn ni.

Ohun kan tún wà tó máa ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ tuntun: kí ọ̀sẹ̀ kìíní dùn, kí ọ̀sẹ̀ karùn-ún wá korò. Ní 1955, Sverre Lysgaard, ará Norway, gbé ìwádìí kan jáde lórí 200 ará Norway tó rí owó ìrànwọ́ gbà láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ti lo oṣù mẹ́fà sí oṣù méjìdínlógún níbẹ̀ ni nǹkan ò rọgbọ fún jù. Ara àwọn tí kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ yá gágá, ọkàn àwọn tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ti balẹ̀. Àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń gba ọ̀nà yẹn, inú kòtò gan-an ni ẹlòmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ ẹ̀yìn tí ayọ̀ ti lọ ni ìbànújẹ́ dé, má tètè sọ pé àṣìṣe ni wíwá tí o wá.

Ìgbésẹ̀ 2: Kí o tó di ẹrù

Ẹrù máa ń pọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló máa ń kéré. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kù nílé, fi ọwọ́ ara rẹ ṣe nǹkan mẹ́rin láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ dá sí i: fọ gbogbo aṣọ rẹ, se oúnjẹ mẹ́ta tí o lè máa jẹ ní àjẹtúnjẹ, rán bọ́tìnì tó já, kí o sì fi iye owó kan gbọ́ bùkátà ara rẹ fún ọjọ́ méje. Bí o bá kùnà nílé, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì kọ́ ọ. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì mi lọ́hùn-ún ni mo da tówẹ́ẹ̀lì pupa tuntun mọ́ ẹ̀wù funfun nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Gbogbo ẹ̀wù náà di píǹkì, àwọn ni mo sì ń wọ̀ lọ sí kíláàsì títí ọdún fi parí.

Ìwé ìgbaniwọlé, ìwé ìbí, káàdì ìdánimọ̀, èsì ìdánwò: ya fọ́tò gbogbo wọn, fi wọ́n ránṣẹ́ sí íméèlì ara rẹ, kí o fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ nílé. Ojúlówó wọn, inú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀ ni kí o kó o sí. Bí o bá ń lo oògùn déédéé, mú èyí tí yóò tó ọ lò fún oṣù kan ó kéré tán, pẹ̀lú ìwé tí dókítà fi kọ ọ́. Bí o bá ń lo awò ojú, ya fọ́tò ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí. Béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́ dókítà pẹ̀lú, pàápàá ti àrùn tó ń mú awọ ọpọlọ wú, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní lọ́rùnlọ́rùn. Àwọn ọmọ ọdún kìíní tó ń gbé pọ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wà lára àwọn tí irú rẹ̀ kan tètè ń ràn.

Kí o sì mú ohun kan tó ní òórùn ilé dání. Mi ò ṣàwàdà. Aṣọ ìrọ̀rí tí o ti ń sùn lé tẹ́lẹ̀, láìfọ̀, sàn ju fọ́tò mẹ́wàá lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, fi ẹsẹ̀ mọ ibẹ̀

Tẹ́ ibùsùn rẹ kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà, kó gbogbo ẹrù jáde nínú àpótí lọ́jọ́ náà gan-an, kí o ti àpótí tó ṣófo sábẹ́ ibùsùn. Ẹni tó bá ń fa aṣọ yọ nínú àpótí fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àlejò ló ń ṣe, ara rẹ̀ sì mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mú táìmù-tébù rẹ, kí o fi ẹsẹ̀ rìn ín: láti yàrá lọ sí kíláàsì àkọ́kọ́ ti Mọ́ńdè, láti ibẹ̀ lọ sí èkejì, pẹ̀lú aago lọ́wọ́, kí o mọ iye ìṣẹ́jú tó ń gbà. Ṣe é nígbà tí ọgbà ò tíì kún. Bí o ṣe ń lọ, wá ilé ìwòsàn ọgbà, ilé ìkàwé, ọ́fíìsì ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ, ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń wà, ibi tí omi mímu wà, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ jù. Nítorí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kọ nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ àti ti ilé ìwòsàn sórí bébà, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, torí fóònù a máa kú. Bí ojú bá sì ń tì ọ́ láti béèrè ibi tí nǹkan wà, rántí pé ọ̀sẹ̀ yìí nìkan ni kò sẹ́ni tí yóò yà lẹ́nu pé o ò mọ̀ ọ́n.

So kọ́kọ́rọ́ rẹ mọ́ nǹkan tí o kì í gbàgbé. Lọ́jọ́ kẹrin mi, mo lọ wẹ̀, mo dé, ilẹ̀kùn ti há mọ́ mi síta, alábàágbé mi sì wà ní kíláàsì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tówẹ́ẹ̀lì nídìí, ọṣẹ lọ́wọ́, bí gbogbo àwọn tí a jọ ń gbé ní òkè ilé kan náà ṣe ń kọjá. (Bẹ́ẹ̀ ni, tówẹ́ẹ̀lì pupa yẹn náà ni, kò tíì ba aṣọ ẹnikẹ́ni jẹ́ nígbà yẹn.) Èèyàn mẹ́fà ló dúró bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni méjì nínú wọn títí dòní.

Kì í ṣe oríire lásán. Ní 1950, Leon Festinger, Stanley Schachter àti Kurt Back gbé ìwádìí kan jáde lórí ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbéyàwó ní yunifásítì MIT, ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sún mọ́ ti ẹni ló sábà máa ń di ọ̀rẹ́ ẹni níbẹ̀, àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ lẹ́bàá àtẹ̀gùn, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń pọ̀, sì ní ọ̀rẹ́ nínú àwọn tó ń gbé lókè ju àwọn aládùúgbò wọn nísàlẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ibẹ̀ bá láàbò, tí o sì wà nínú yàrá, ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wákàtí kan lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kò pọn dandan kí o gbọ́n lẹ́nu. Jókòó síbi tí wọn á ti rí ọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Bá alábàágbé rẹ sọ̀rọ̀ kí ìjà tó dé

Ahọ́n àti eyín ń jà, bẹ́ẹ̀ ẹnu kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Alábàágbé mi máa ń fi álààmù sí aago márùn-ún ìdájí, á pa á, á tún dún, á tún pa á, títí di aago méje. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi di í sínú. Ọjọ́ tí mo wá tú u jáde, mo ti pariwo kọjá bó ṣe yẹ. Ó wò mí, ó ní, "Mo rò pé o máa ń sùn wọra ni. Kí ló dé tí o ò sọ?" Mi ò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí, kí ó lè máa gbọ̀n láìdún.

Nítorí náà, lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, kí inú tó bí ẹnikẹ́ni, ẹ jókòó fún ogún ìṣẹ́jú. Aago mélòó ni kálukú ń sùn? Bí ẹnì kan bá fẹ́ kàwé lóru, iná wo ló máa tàn? Àlejò ńkọ́, ṣé wọ́n lè sùn mọ́jú? Kí ni a jọ ń lò, kí ni ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láìbéèrè? Ta ló ń gbálẹ̀, ọjọ́ wo? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó tilẹ̀ dà bí eré.

Nígbà tí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, sọ nǹkan náà gan-an, má sọ ìwà rẹ̀. "Jọ̀ọ́, bí o bá ń gba ìpè lẹ́yìn aago mọ́kànlá, ṣé o lè bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀? Oorun mi fúyẹ́ púpọ̀." Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí "O ò tiẹ̀ máa ń ro ti ẹlòmíràn." Èyí àkọ́kọ́ ń wá àtúnṣe, èkejì ń wá ẹni tó máa jà. Bó bá ju agbára ẹ̀yin méjèèjì lọ, alábòójútó họ́sítẹ́ẹ̀lì wà fún irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ olè jíjà, ìlùkulù tàbí ìfipábánilò ni, má bá a ṣèpàdé kankan. Jáde, lọ fi tó àwọn aláṣẹ létí, kí o béèrè yàrá mìíràn lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ 5: Fún ìpè ilé ní ọjọ́ tirẹ̀

Níbí, èrò mi yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń sọ pé kí ọmọ má pe ilé rárá kí ọkàn rẹ̀ lè yi. Ìkà nìyẹn. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni kí ìpè má ní àsìkò, kó jẹ́ pé ìgbàkigbà tí ọkàn bá ṣú ni o ń gbé fóònù. Àwọn òbí rẹ á máa gbọ́ ẹkún nìkan, wọn ò ní mọ̀ pé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn o rẹ́rìn-ín títí inú fi dùn ọ́. Àwọn náà ò wá ní sùn.

Bá wọn fi ọjọ́ méjì sí i lọ́sẹ̀, ká ní Wẹ́sìdeè àti ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́jọ alẹ́. Atẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú lè máa lọ láàárín rẹ̀. Kí o tó pè, ti nǹkan kan bọ̀: rìn yí ọgbà ká, tàbí kí o parí iṣẹ́ kan, kí ohun tí wàá sọ lè wà. Bí màmá bá ní, "Ṣé ò ń jẹun dáadáa?", má kàn dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Sọ ohun tí o jẹ, ẹni tí ẹ jọ jẹ ẹ́, àti ẹ̀fẹ̀ tó ṣe. Ohun tí wọ́n ń béèrè gan-an ni bóyá ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ. Kí ìwọ náà béèrè bí ilé ṣe rí. Àárò tìrẹ ń sọ wọ́n ju bí wọ́n ṣe ń jẹ́wọ́ lọ.

Bí ilé bá wà nítòsí, gbìyànjú kí o má lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Òpin ọ̀sẹ̀ ni àwọn tó wà lọ́gbà ń mọ ara wọn. Bí o bá ń lọ sílé ní gbogbo Fúráìdé, Mọ́ńdè lásán ni wàá máa bá wọn ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọkàn bá pọ́n ọ jù, lọ. Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n.

Ìgbésẹ̀ 6: Owó

Ká ní ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn owó ilé àti owó ẹ̀kọ́ jẹ́ 3,200, ohun yòówù tí owó ibẹ̀ ń jẹ́, tí sáà náà sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ 15. Pín in sí ọ̀nà 16, má pín in sí 15. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba 200, ìpín tó ṣẹ́kù sì jẹ́ ti ọjọ́ tí fóònù bá bọ́ sómi tàbí tí ara ò bá yá. Gbé ti ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan sí ibi tí ọwọ́ ti lè tó o, fi ìyókù sínú àkáǹtì mìíràn. Kọ gbogbo ohun tí o ná sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, títí kan ìpápánu ojú ọ̀nà. Ìpápánu yẹn ló máa yà ọ́ lẹ́nu jù.

Má sanwó ilé tí o kò tíì fojú rí, bó ti wù kí fọ́tò rẹ̀ dán tó. Má fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà àṣírí káàdì rẹ, kì báà jẹ́ ẹni tó pè pé báǹkì ni òun. Bí o bá máa yá ọ̀rẹ́ lówó, kó jẹ́ iye tí ìjà ò ní dé bí kò bá padà wá.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìwé kíkà, ibi tó ti máa ń já ọ̀pọ̀ kulẹ̀

Níbi tí o ti ń bọ̀, àwọn olùkọ́ ló ń lé ọ kiri. Níbí, o lè má wá kíláàsì fún oṣù kan kí ẹnikẹ́ni má béèrè rẹ, àfi ìwé èsì. Òmìnira yẹn dùn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ tí o bá gba ìwé ètò ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kó gbogbo déètì ìdánwò àti iṣẹ́ àṣetiléwá inú wọn sórí kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Wàá rí i pé ọ̀sẹ̀ kan wà níwájú tí nǹkan mẹ́rin já lé ara wọn lórí. Dídára rẹ̀ ni pé o ti rí i tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, yan àga kan. Òótọ́ ni mo ń sọ: àga kan ní ilé ìkàwé, wákàtí kan náà lójúmọ́. Tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní òkè kejì, aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, bí mo bá ti jókòó síbẹ̀, ọwọ́ mi á ti máa wá báírò fúnra rẹ̀. Àga yẹn ló kọ́kọ́ dà bí ilé fún mi ní gbogbo ọgbà náà, ṣáájú yàrá mi pàápàá.

Ohun tí wàá fi wákàtí méjì náà ṣe nìyí. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó wá ń wo bí wọ́n ṣe ń bọ́ lórí òun fúnra rẹ̀. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1885, ó fi hàn pé láàárín ọjọ́ àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù ń bọ́, lẹ́yìn náà ni ó ń rọra. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó ṣú, padà sí ohun tí wọ́n kọ́ ọ láàárọ̀, kó tó bọ́. Má sì kàn tún un kà. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan kà. Àwọn kan tún un kà, àwọn kan pa á dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló mókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó dán ara wọn wò ló fi wọ́n sẹ́yìn. Pa ìwé dé, mú bébà òfìfo, kọ ohun tó wà lórí rẹ, ṣí i padà, wo ohun tó bọ́. Ó máa ń dunni. Ibi tó ti dunni ni ìmọ̀ ti ń wọlé.

Lọ rí olùkọ́ kan ní ọ́fíìsì wọn kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó parí, nígbà tí wàhálà kankan ò tíì sí. Kò nílò ọ̀rọ̀ ńlá: "Ẹ káàsán sà, mo wà ní kíláàsì yín ti Túsìdeè. Ìbéèrè kejì nínú iṣẹ́ tí ẹ fún wa, ibi báyìí ló ti rú mi lójú." Mú ìwé náà dání, fi ọwọ́ tọ́ka síbẹ̀. Bí ìdánwò àkọ́kọ́ bá wá burú, wàá mọ ilẹ̀kùn tí wàá kàn.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọ̀rẹ́ gba wákàtí

Jeffrey Hall, olùkọ́ ní Yunifásítì Kansas ní Amẹ́ríkà, wádìí bí ọ̀rẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní wà lára àwọn tó wádìí wọn. Nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 2018, ó ṣírò rẹ̀ pé ó ń gba nǹkan bí wákàtí 50 kí ojúlùmọ̀ tó di ọ̀rẹ́ fẹ́rẹ́, ó sì ń ju 200 lọ kó tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Fi ìyẹn ṣírò: bí ẹ bá ń lo wákàtí mẹ́rin pọ̀ lọ́sẹ̀, 50 yóò gba oṣù mẹ́ta. Kò sí nǹkan tó ṣe ọ́ bí o ò bá tíì ní alábàárò ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Kò sẹ́ni tó ní. Àwọn tó ń ya fọ́tò pọ̀ ká yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ò tíì mọ orúkọ ara wọn tán.

Nítorí wákàtí ni ó ń gbà, ẹgbẹ́ kan tó ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sàn ju méje tí o kọ orúkọ sí lọ́jọ́ ìpàtẹ. Yan ọ̀kan tí ọwọ́ máa ń dí níbẹ̀: eré ìdárayá, orin, ìwé ìròyìn, iṣẹ́ ìrànwọ́. Ó rọrùn láti bá ẹni tí ẹ jọ ń gbé tábìlì sọ̀rọ̀ ju ẹni tí ẹ jọ dojú kọ ara yín lọ. Ní kíláàsì, jókòó síbi kan náà, kí o béèrè nǹkan kékeré lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ: "Ṣé mo lè wo ohun tí o kọ nípa apá tó kẹ́yìn yẹn?" Àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́, má já wọn jù sílẹ̀, ṣùgbọ́n má fi gbogbo alẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tí àwọn ará òkè rẹ ń jẹun lápapọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sì burú kí o kọ ohun tí ọkàn rẹ ò fẹ́. "Rárá o, ẹ máa gbádùn" ti tó. Kò nílò àlàyé.

Ìgbésẹ̀ 9: Ara

Ẹni tó wà láàárín ọdún 18 sí 25 nílò oorun wákàtí 7 sí 9. Kaféènì, èròjà inú kọfí tó ń lé oorun lọ, tí o mu ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ ní aago mẹ́wàá alẹ́. Oúnjẹ sísè tó bá ti wà níta ju wákàtí méjì lọ, má gbé e sínú fíríìjì pé wàá jẹ ẹ́ lọ́la. Má dáná èédú nínú yàrá láéláé. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní òórùn, tó ń pani lójú oorun. Jáde sínú oòrùn láàárọ̀, kí o máa rìn.

Ìgbésẹ̀ 10: Bó bá ju àárò lọ

Àárò ilé a máa wá, a sì máa lọ; bí ọ̀rẹ́ bá pè ọ́ jáde, ó máa ń fúyẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ọkàn rẹ ṣú lójoojúmọ́, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́, tí o ò lè dìde lórí ibùsùn, tí oorun tàbí oúnjẹ yí padà pátápátá, ìyẹn ti kúrò ní àárò. Lọ sí ilé ìwòsàn ọgbà tàbí ọ́fíìsì àwọn agbaninímọ̀ràn. Bí o ò bá mọ bí wàá ṣe sọ ọ́, sọ báyìí: "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò ti rí ara mi bí mo ṣe máa ń rí. Mo fẹ́ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀." Wọ́n á gba ìyókù lẹ́nu rẹ.

Bí èrò ikú bá ń wá sí ọ lọ́kàn, má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ náà ni, bó tiẹ̀ jẹ́ òru: jí alábàágbé rẹ, pe àwọn ẹ̀ṣọ́, pe ilé. Má dá wà nínú yàrá. Bó bá sì jẹ́ alábàágbé rẹ ló sọ irú rẹ̀ fún ọ, má bá a pa á mọ́, kódà bó bá bẹ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 11: Ìsinmi àkọ́kọ́

Ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà pọ̀ mọ́ ti àlọ. Sọ fún wọn nílé ṣáájú pé o ti ń sùn lẹ́yìn aago méjìlá báyìí, kí wọ́n má bàa rò pé ìwàkiwà lo kọ́ wá. Wọ́n lè ti gbé àpótí àti ẹ̀rọ ìránṣọ sínú yàrá rẹ. Àbúrò rẹ lè ti gba ibùsùn. Má bínú, àwọn náà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé láìsí ọ.

Àárò á tún sọ ọ́ nígbà tí o bá padà dé ọgbà, ó sì lè le bí i ti ọjọ́ kìíní fún bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Kó ẹrù jáde kí o tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ti àpótí sábẹ́ ibùsùn, kí o sì wà lórí àga rẹ ní ilé ìkàwé ní aago mẹ́rin ọjọ́ kejì.